Ìràwọ̀ Tí Ó Ń Já

Ní Atakpamé, kò sí ọmọdé tí kò mọ orúkọ Ifodjè. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú náà ni. Ní ọjọ́ tí Ifodjè bá ń gbá bọ́ọ̀lù nílé, àwọn ọmọ a sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè wá sí pápá, àwọn tí ń ta ẹ̀pà àti omi tútù a sì tẹ̀lé wọn. Ẹni tí kò rí àyè wọlé a dúró síta, a máa fi etí gbọ́ bí eré ṣe ń lọ. Tí ariwo bá sọ, ó ti mọ̀ pé góòlù ti wọlé. Tí gbogbo pápá bá dákẹ́ lójijì, ó mọ ìyẹn náà.

Ní ọdún 1990, Ifodjè gba ife-ẹ̀yẹ líìgì orílẹ̀-èdè Tógò. Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Lomé ni olú-ìlú, ibẹ̀ ni owó pọ̀ sí, ibẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù pọ̀ sí jù. Lomé sì jìnnà sí Atakpamé ní nǹkan bí 160 kìlómítà. Kí ìlú kan ní àárín òkè tó gba ife lọ́wọ́ àwọn ará olú-ìlú, ó gbọ́dọ̀ múra. Bákan náà ni Sokodé ní Semassi, Kara ní ASKO, Kpalimé sì ní Gomido. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, ìlú kọ̀ọ̀kan sì ń sọ pé, “Tiwa ni.”

Ṣùgbọ́n ta ni ó ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù gan-an? Ṣé ẹni tí ó ń san owó oṣù àwọn agbábọ́ọ̀lù ni, àbí àwọn tí ń pariwo orúkọ rẹ̀ títí ohùn wọn fi há? Nígbà tí nǹkan bá ń lọ dáadáa, kò sẹ́ni tí ń béèrè. Ìgbà tí nǹkan bá dàrú ni ìbéèrè náà máa ń yọ jáde.

Ẹgbẹ́ méjì wà tí orúkọ wọn jẹ́ ọ̀kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè méjì ni a fi ń pè wọ́n. Ọ̀kan wà ní Lomé, èkejì wà ní Ìbàdàn ní Nàìjíríà. Ti Lomé ń jẹ́ Étoile Filante. Ti Ìbàdàn ń jẹ́ Shooting Stars. Ẹni tí ó gbọ́ Faransé mọ ìtumọ̀ ti àkọ́kọ́, ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ ìtumọ̀ ti èkejì: ìràwọ̀ tí ó ń já ni méjèèjì. Ohun tí a máa ń rí lálẹ́ nìyẹn, tí iná kan bá ṣàdédé là kọjá lójú ọ̀run, tí ó sì parẹ́ kí a tó na ìka sí i. Kì í ṣe ìràwọ̀ tòótọ́. Òkúta kékeré kan ni, tí ó ń já bọ̀ láti òkè pẹ̀lú eré, tí ó sì ń jóná bí ó ti ń wọ inú afẹ́fẹ́ ayé wa.

Ọdún 1932 ni wọ́n dá Étoile Filante sílẹ̀. Nínú ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tó gba líìgì ní Áfíríkà ti ọdún 1968, ó dé àṣekágbá. Nígbà yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ẹgbẹ́ tó bá dé àṣekágbá ń pàdé: ẹ̀ẹ̀kan nílé, ẹ̀ẹ̀kan ní ìlú ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò ro góòlù méjèèjì pọ̀. Englebert ti orílẹ̀-èdè Kóńgò ni Étoile Filante bá pàdé. Ní Kóńgò, Englebert na wọ́n ní góòlù márùn-ún sí òdo. Nígbà tí wọ́n dé Lomé, Étoile Filante náà na Englebert, mẹ́rin sí ẹyọ kan. Ẹ wo ìṣirò náà: góòlù mẹ́rin fún ará Lomé, mẹ́fà fún ará Kóńgò. Wọ́n borí ní ilé, síbẹ̀ wọn kò rí ife gbé.

Ìràwọ̀ kejì, ti Ìbàdàn, ni ìtàn rẹ̀ gùn jù, nítorí pé òun ni ó bọ́ sí ọwọ́ ìjọba.

Gbòǹgbò rẹ̀ wà ní àwọn ọdún 1950. Nígbà yẹn, Ìbàdàn ni olú-ìlú Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ẹkùn náà gbòòrò. Abẹ́òkúta wà nínú rẹ̀, Ọ̀yọ́ wà nínú rẹ̀, àti Ìjẹ̀bú, Oǹdó, Èkìtì, pẹ̀lú Ilé-Ifẹ̀ tí àwọn Ifè Atakpamé ń sọ pé àwọn baba ńlá wọn ti wá. Ìjọba ẹkùn náà ní ilé iṣẹ́ ńlá kan tí ń dá oko àti ilé iṣẹ́ sílẹ̀. WNDC ni wọ́n ń pè é. Ilé iṣẹ́ yìí ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, orúkọ ilé iṣẹ́ náà ni ẹgbẹ́ náà sì ń jẹ́. Ní 1971, WNDC gba ife-ẹ̀yẹ tí gbogbo Nàìjíríà ń dù. Nígbà tí ó yá, ẹgbẹ́ náà bọ́ sí abẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba mìíràn, èyí tí ń yá àwọn oníléeṣẹ́ lówó. Orúkọ yẹn ni IICC. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe ẹgbẹ́ náà ní IICC Shooting Stars.

Orúkọ yìí gùn, àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà kò sì ní àsìkò rẹ̀. Wọ́n gé e kù sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn a máa fi “s” pe “ṣ”; isu ni iṣu lẹ́nu wọn. Nítorí náà, Shooting di Súútìn. Títí di òní, ariwo tí wọ́n ń pa ní pápá ni “Ọ́ọ̀pù Súútìn!” Orúkọ ilé iṣẹ́ ìjọba ti yí padà, lẹ́tà tó ṣáájú orúkọ ẹgbẹ́ ti yí padà, ṣùgbọ́n Súútìn kò yí padà, nítorí kì í ṣe ìjọba ni ó sọ ọ́.

Ọdún 1976 ni ọdún tí a kò lè gbàgbé nínú ìtàn ẹgbẹ́ yìí. Ní oṣù Èrèlé ọdún náà, ìjọba pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta: Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kó ẹrù wọn, kálukú lọ sí ìpínlẹ̀ tirẹ̀. Wọ́n pín ọkọ̀, wọ́n pín ilé, wọ́n pín àga àti tábìlì pàápàá. Báwo ni a ó ṣe pín ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù? Ìbàdàn ni ẹgbẹ́ náà wà, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ó sì jogún rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn agbábọ́ọ̀lù inú rẹ̀ kò wá láti ibì kan ṣoṣo, àwọn tó ń fetí sí rédíò nítorí rẹ̀ náà kò sí ní ibì kan ṣoṣo.

Ọ̀kan nínú wọn ni Segun Odegbami. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí i, Jos ní òkè ọya ni ó ti dàgbà, ó sì wá kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ ní ilé ẹ̀kọ́ Pọ́lì Ìbàdàn. Ó ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, a sì máa sáré ní ẹ̀gbẹ́ pápá bí ẹni pé ó ti fi rúlà wọn ibi tí bọ́ọ̀lù yóò balẹ̀ sí. Ernest Okonkwo, tí ó ń ròyìn bọ́ọ̀lù lórí rédíò, ni ó sọ ọ́ ní “Mathematical”. Ẹnìkejì ni Muda Lawal. Iṣẹ́ mẹ́kánííkì ni ó ń ṣe kí bọ́ọ̀lù tó gbé e. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Lawal gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà níbi ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Sam Ojebode wà níbẹ̀, Kunle Awesu wà níbẹ̀, Dauda Adepoju náà wà níbẹ̀. Òyìnbó kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Alan Hawkes, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn.

Ìdíje tí wọ́n lọ ni ti àwọn ẹgbẹ́ tó gba ife-ẹ̀yẹ ní orílẹ̀-èdè wọn. Nígbà tí ó ku ìpele kan kí wọ́n dé àṣekágbá, wọ́n pàdé Zamalek ti Íjíbítì. Ní Kairo, Zamalek na wọ́n ní góòlù méjì sí òdo. Nígbà tí Zamalek dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn náà san án padà, méjì sí òdo. Kò sí ẹni tó ju ẹnìkan lọ. Pẹnáritì ni wọ́n fi yanjú rẹ̀, Súútìn sì borí. Ẹ fi orúkọ Zamalek yìí sọ́kàn, nítorí yóò tún padà wá.

Ní àṣekágbá, Tonnerre ti ìlú Yaoundé ní Kamẹrúùnù ni ó kojú wọn. Ìtumọ̀ orúkọ yìí ni àrá. Àrá náà kì í ṣe ẹran rírọ̀: òun ni ó gba ife kan náà ní 1975, ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ ní àkókò náà sì ni Roger Milla, tí gbogbo ayé wá mọ̀ lẹ́yìn náà. Nílé, Súútìn gbá góòlù mẹ́rin sínú àwọ̀n Tonnerre, Tonnerre dá ẹyọ kan padà. Ní Yaoundé, Tonnerre gbá ẹyọ kan wọlé, Súútìn kò rí ìkankan gbá. Mẹ́rin sí méjì ni àròpọ̀ rẹ̀. Ife di ti Ìbàdàn. Kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan tó ti gba ife Áfíríkà rí ṣáájú ọjọ́ yẹn.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n fẹ́ gbà á lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó dí wọn lọ́nà kò wá láti òkèèrè. Rangers ti Enugu ni, láti ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n pàdé, òdo sí òdo. Ní ìgbà kejì, òdo sí òdo. Pẹnáritì ni ó tún parí rẹ̀, Rangers ni ó sì borí, tí ó lọ gba ife náà. Àwọn àgbà tó gbọ́ ìròyìn eré méjèèjì lórí rédíò ṣì ń jiyàn lé e lórí.

Bí a bá fẹ́ mọ bí ẹgbẹ́ náà ṣe lágbára tó, ká wo ọjọ́ 22 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1980. Ní ọjọ́ náà, Nàìjíríà na Algeria ní góòlù mẹ́ta sí òdo ní Èkó, ó sì gba ife àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Odegbami gbá méjì wọlé, Lawal gbá ẹ̀kẹta. Best Ogedegbe ni ó ṣọ́lé. Súútìn ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Orílẹ̀-èdè odindi ni ó gba ife, ṣùgbọ́n ará Ìbàdàn mọ ẹni tó gbá góòlù.

Nínú gbogbo àwọn tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ yìí, kò sí ẹni tí orúkọ rẹ̀ dún tó ti Olóyè Lekan Salami. Kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù. Olówó àti olóṣèlú ni, ó sì fi ara rẹ̀, owó rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ jìn fún Súútìn. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ pápá ìṣeré tó wà ní Adamasingba ní àárín ìlú Ìbàdàn. Ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n fi orúkọ olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù pe pápá; ọ̀gágun àti ààrẹ ni wọ́n sábà máa ń fún ní irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1984 ni ìràwọ̀ náà já. Súútìn ti gba líìgì Nàìjíríà ní 1983, nítorí náà ó wọ ìdíje tó ga jù lọ ní Áfíríkà, èyí tí Étoile Filante ti dé àṣekágbá rẹ̀ ní 1968. Òun náà dé àṣekágbá. Ta ló bá níbẹ̀? Zamalek. Ní Kairo, góòlù méjì sí òdo. Ní Èkó, ẹyọ kan sí òdo, Zamalek náà ló tún gbá a. Ìbànújẹ́ bo Ìbàdàn. Ní ọdún kan náà yẹn, ìjọba tú ẹgbẹ́ náà ká.

Ẹgbẹ́ tó dé àṣekágbá gbogbo Áfíríkà ni wọ́n tú ká. Ó yẹ kí ènìyàn ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹgbẹ́ tó ṣe ipò kejì nínú gbogbo ilẹ̀ dúdú kò ṣe ohun ìtìjú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń san owó oṣù lè pàṣẹ ní òwúrọ̀ kan ṣoṣo, kó sì fi òǹtẹ̀ lu ìwé. Àwọn tí ń pariwo ní pápá kò ní òǹtẹ̀.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti Áfíríkà nìkan. Ní Wales, ilẹ̀ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, eré tí wọ́n fẹ́ràn jù ni rọ́gíbì. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ rí bí ẹyin, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó sì ń ṣe é fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìlú kékeré kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ láti ayé àwọn baba baba wọn. Ní 2003, àwọn aláṣẹ rọ́gíbì ní Wales wò ó pé owó kò tó, wọ́n sì sọ ẹgbẹ́ ńlá mẹ́sàn-án di ẹgbẹ́ ẹkùn márùn-ún. Wọ́n ní kí Pontypridd àti Bridgend para pọ̀, wọ́n sì sọ wọ́n ní Celtic Warriors. Àwọn ìlú méjì tó ti ń bá ara wọn du góńgó láti ọjọ́ pípẹ́ wá di ọmọ ilé kan náà lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹgbẹ́ tuntun náà lo sáà kan péré. Ní 2004, wọ́n tú u ká, àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ fọ́n ká sí ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kù: Cardiff, Scarlets, Ospreys àti Dragons. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Pontypridd àtijọ́, tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ orúkọ ìlú, kò kú. Ó wà ní ìpele ìsàlẹ̀, ó ń gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ. Orúkọ tí àwọn aláṣẹ dá ni kò pẹ́.

Ti Ìbàdàn náà kò kú. Wọ́n tún un kó jọ. Orúkọ ilé iṣẹ́ ìjọba bọ́ kúrò lára rẹ̀, ó di Shooting Stars Sports Club. Nítorí pé lẹ́tà S mẹ́ta àti C kan ni ó bẹ̀rẹ̀ àwọn ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ń kọ ọ́ ní 3SC. Àwọn olólùfẹ́ kò bìkítà. Súútìn ni wọ́n ń pè é.

Ní 1992, àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù Áfíríkà dá ìdíje tuntun kan sílẹ̀, wọ́n ń pè é ní CAF Cup. Moshood Abiola, gbajúmọ̀ olówó ọmọ Abẹ́òkúta, ni ó fi ife rẹ̀ ta wọ́n lọ́rẹ. Súútìn ni ó kọ́kọ́ gbà á. Ní Ùgáńdà, òun àti Villa ta ọ̀mì, òdo sí òdo. Nílé, ó na Villa ní mẹ́ta sí òdo. Ní 1995, ó gba líìgì Nàìjíríà, ó tún gba ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè pọ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí ó fi máa di 1996, ó ti tún dé àṣekágbá ìdíje tó ga jù lọ. Kò sí ẹni tí ó nílò kí wọ́n sọ fún un ẹgbẹ́ tó dúró dè é níbẹ̀.

Súútìn na Zamalek nílé, méjì sí ẹyọ kan. Ní Kairo, Zamalek na Súútìn, méjì sí ẹyọ kan. Mẹ́ta sí mẹ́ta. Wọ́n tún gbé bọ́ọ̀lù síbi pẹnáritì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe ní 1976. Lọ́tẹ̀ yìí, Zamalek gbá márùn-ún wọlé, Súútìn gbá mẹ́rin. Góòlù kan péré ni ó wà láàárín ẹgbẹ́ náà àti ife tí kò gbà rí.

Lẹ́yìn líìgì tó gbà ní 1998, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í dagun. Àwọn ọ̀dọ́ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá kò dúró pẹ́ mọ́. Yúróòpù ń pè wọ́n, owó ibẹ̀ sì pọ̀. Ní ayé Odegbami, agbábọ́ọ̀lù lè lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ní Ìbàdàn kó sì di gbajúmọ̀. Nígbà tí ó fi máa di ayé Rashidi Yekini, ìyẹn ti ń yí padà. Yekini gbá bọ́ọ̀lù fún Súútìn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 kí ó tó lọ sí òkè òkun. Òun ni ó gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá wọlé ní ìdíje àgbáyé, ní 1994. Ohun kejì ni pé owó ẹgbẹ́ náà ń ti àpò ìjọba ìpínlẹ̀ wá. Bí gómìnà bá yí padà, àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ a máa yí padà pẹ̀lú rẹ̀, ẹni tuntun a sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilé tí wọ́n ń yí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà kì í ga.

Bẹ́ẹ̀ ni Súútìn já sí ìpele kejì líìgì Nàìjíríà, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ó lọ gbá bọ́ọ̀lù ní àwọn ìlú tí pápá wọn kún fún koríko, ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tí kò ì tí ì rí ife Áfíríkà àfi nínú fọ́tò. Àwọn alátìlẹyìn kan tẹ̀lé e lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìlù wọn. Àwọn kan ní kí wọ́n ta ẹgbẹ́ náà fún olówó. Àwọn mìíràn ní rárá, ohun ìní gbogbo ará ìlú kì í ṣe ọjà. Ìbéèrè àtijọ́ ni wọ́n ń jiyàn lé lórí, wọn kò sì tíì yanjú rẹ̀.

Ní 2021, Súútìn tún gòkè padà sí líìgì àkọ́kọ́. Pápá Lekan Salami ní Adamasingba kún. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà níbẹ̀ ni wọn kò tíì bí nígbà tí Odegbami ń sáré ní ẹ̀gbẹ́ pápá. Bàbá wọn ni ó sọ fún wọn. Nígbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù jáde, wọn kò pe orúkọ ìjọba, wọn kò pe orúkọ ilé iṣẹ́. Ariwo kan náà tí wọ́n pa ní 1976 ni wọ́n tún pa, pẹ̀lú “s” ọmọ Ìbàdàn nínú rẹ̀.